Inú tó máa ń lọ́ èèyàn lójijì nínú mọ́tò: ohun tó ń fà á àti ohun tẹ́ẹ lè ṣe sí i

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ti kọ̀ láti lọ síbi ìgbéyàwó rí torí pé Ìbàdàn ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é, ẹ̀yin sì ń gbé Èkó, kì í ṣe torí owó aṣọ ẹbí o, torí inú yín ni, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ẹ mọ gbogbo ilé epo tó wà láti Berger dé Ìbàfò, tẹ́ẹ mọ èyí tí tọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní omi àti èyí tí wọ́n máa ń tì pa. Èmi náà ní in, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí àwọn èèyàn tó ń ra oògùn tí ò kàn wọ́n káàkiri nítorí pé kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn wọn gan-an fún wọn.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Nílé, kò sí nǹkan kan. Ẹ wọ mọ́tò, kọ̀ndọ́ítọ̀ ti gbowó, ilẹ̀kùn ti pa dé, mọ́tò ti gbéra, ìgbà yẹn gan-an ni inú máa bẹ̀rẹ̀ sí í dún kùrùkùrù, á fún pọ̀ nísàlẹ̀ ikùn, á lọ́, á tú, á tún lọ́, òógùn tútù á bo iwájú orí yín, ẹ ò sì ní lè ronú nǹkan míì mọ́ àfi ibi tẹ́ẹ ti máa rí tọ́lẹ́ẹ̀tì. Tẹ́ẹ bá wá ráyè lọ, nígbà míì ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa jáde, inú á sì rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan.

Àwọn ará ilé á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ẹ lọ máa mu agbo. Ẹni tó ń ta oògùn á ní taifọ́ọ̀dù ni. Àwọn kan á ní wọ́n ti fi nǹkan sóúnjẹ yín lóde kan. Àwọn míì ò ní sọ̀rọ̀, wọ́n á kàn máa wò yín pé ẹ̀ ń díbọ́n ni, èyí ló sì máa ń dunni jù.

Tó bá ti pẹ́ tó ń ṣe yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun táwọn dókítà ń pè ní IBS (irritable bowel syndrome), ìyẹn ìfun tó máa ń tètè bínú. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀lé láti ọdún 2016, Rome IV lorúkọ ẹ̀, sọ pé kí inú rírun náà máa wá ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láàárín oṣù 3 tó kọjá, kó sì ti bẹ̀rẹ̀ láti bí oṣù 6 sẹ́yìn ó kéré tán, kí méjì nínú nǹkan mẹ́ta sì bá a rìn: kó máa rọlẹ̀ tàbí kó máa le sí i téèyàn bá yàgbẹ́, kí iye ìgbà téèyàn ń lọ yí padà, kí bí ìgbẹ́ fúnra ẹ̀ ṣe rí yí padà. Ti àwọn kan máa ń ṣàn, ti àwọn kan máa ń le, àwọn míì ń rí méjèèjì. Ìfun yín ò lu, kò dégbò, ìdí nìyẹn tí tẹ́ẹ̀sì fi ń mọ́ kedere. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni wàhálà wà, àti bí òun àti ọpọlọ ṣe ń ránṣẹ́ síra wọn. Àìsàn gidi ni, ẹ má jẹ̀ẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé inú orí yín ló wà.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ikùn lọ díẹ̀. Ìfun ní iṣan lára, iṣan yẹn ló máa ń fún pọ̀ tó ń tú, tó ń ti ohun táa jẹ síwájú díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń fún ọṣẹ ìfọyín jáde látinú tuùbù. Ẹni tí ara ẹ̀ dá kì í mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀. Nínú tiwa, nǹkan méjì ló bàjẹ́ níbẹ̀. Àkọ́kọ́, iṣan yẹn máa ń fún pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kì í sì í tètè tú, ìyẹn ni inú tó ń lọ́. Ìkejì, ìfun wa ti máa ń tètè mọ nǹkan lára jù, gáàsì kékeré tí ẹlòmíì ò ní mọ̀ pé ó kọjá nínú òun, tiwa á dun wá, ìgbẹ́ tí ò tó nǹkan á máa lé wa sáré. Ẹ rántí pé ìfun ní sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára tiẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù 100, wọ́n sì so mọ́ ọpọlọ. Serotonin, kẹ́míkà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn fi ń ránṣẹ́, tí wọ́n máa ń dárúkọ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìrònú àti ìrẹ̀wẹ̀sì, bí ìdá 90 nínú 100 tó wà lára wa, inú ìfun la ti ń ṣe é. Torí náà tí ọpọlọ bá ń páyà, ìfun á gbọ́. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n jẹ oúnjẹ tó ní kòkòrò tí wọ́n yàgbẹ́ gbuuru gan-an ló bẹ̀rẹ̀, kòkòrò ti kú, àmọ́ ìfun ò padà sípò, bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ẹ dì mú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Tí oúnjẹ bá ti wọ agbẹ̀du, agbẹ̀du á ránṣẹ́ sí ìfun ńlá nísàlẹ̀ pé kó tètè wá àyè. Ara gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àìsàn. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan téèyàn jẹun tán, ó sì máa ń lágbára jù láàárọ̀ téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tí oúnjẹ bá pọ̀, tó bá lọ́ràá, tàbí téèyàn bá mu kọfí. Nínú ẹni tó ní IBS ó máa ń le ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé "ohun tí mo jẹ ò tíì dénú tó ti ń jáde," rárá o, ti àná ló ń jáde, tòní ló lé e.

Ẹ wá wo bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń rìnrìn àjò. Èèyàn jí laago mẹ́rin ààbọ̀, oorun ò tó, ó mu tíì gbígbóná tí mílíìkì pọ̀ nínú ẹ̀, ó fi búrẹ́dì àti àkàrà gbígbóná tó ń kán epo jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ó sáré lọ sí gáréèjì, ó jókòó nínú mọ́tò tó kún, ẹ̀rù ti ń bà á kí mọ́tò tó gbéra pé ṣé inú yìí ò ní dójú ti òun lónìí. Gbogbo nǹkan tó lè ta ìfun jí ló ti kó jọ sáàárín wákàtí kan. Ẹ̀rù yẹn gan-an kì í ṣe nǹkan kékeré. Inú lọ́ èèyàn lẹ́ẹ̀kan lórí afárá Third Mainland, afárá tó gùn tó bíi kìlómítà 12 tí ibi téèyàn lè yà sí ò pọ̀, láti ọjọ́ yẹn tó bá ti rí afárá náà lókèèrè, ọpọlọ ẹ̀ á ti ránṣẹ́ ewu sísàlẹ̀, ìfun á sì dáhùn. Ìdí tí inú fi ń lọ́ yín nínú mọ́tò tí kì í lọ́ yín nílé nìyẹn. Nílé, ẹ mọ̀ pé tọ́lẹ́ẹ̀tì wà. Tẹ́ẹ bá lè ṣe é kí ara yín mọ̀ pé ọ̀nà àbáyọ wà, ẹ ti gba ìdajì agbára lọ́wọ́ ẹ̀.

Àmọ́ kẹ́ẹ tó gbà pé IBS ni, ẹ rí dókítà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ìgbẹ́ jáde, tàbí ìgbẹ́ dúdú kirikiri, tẹ́ẹ bá ń rù láìmọ̀dí, tí ibà bá ń bá a rìn, tí ẹ̀jẹ̀ ò bá tó lára yín, tó bá ń jí yín lójú oorun lóru, tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún 50 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tàbí tí ẹnì kan nínú ẹbí bá ti ní jẹjẹrẹ ìfun rí, ẹ má fi àlàyé mi yìí ṣe nǹkan kan, ọsibítù ni kẹ́ẹ gbà lọ. Aràn àti amíbà náà wà nílẹ̀ wa, ó yẹ kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ yín wò. Lórí ọ̀rọ̀ taifọ́ọ̀dù, ẹ ṣọ́ra fún tẹ́ẹ̀sì Widal tí wọ́n máa ń ṣe ní gbogbo kọ̀rọ̀, níbi tí taifọ́ọ̀dù ti wọ́pọ̀ bíi tiwa, ẹni tí ò ní nǹkan kan lè ṣe Widal kó jáde pé ó ní in. Mo mọ àwọn tí wọ́n ti tọ́jú "taifọ́ọ̀dù" lọ́dọọdún tó jẹ́ pé inú yẹn ò fi wọ́n sílẹ̀ rí.

Flagyl náà ńkọ́? Oògùn tó ń pa àwọn kòkòrò kan ni, bí amíbà. Tí kò bá sí kòkòrò, kò ní nǹkan tó máa pa, kì í sì í tú iṣan tó fún pọ̀. Agbo jẹ̀dí tí wọ́n ń tà ní gáréèjì láàárọ̀, tí wọ́n fi ọtí rẹ, àwọn míì wà nínú ẹ̀ tó máa ń mú kí èèyàn yàgbẹ́, ọtí fúnra ẹ̀ sì máa ń ta ìfun jí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí agbo o, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ mu ún kẹ́ẹ tó wọ mọ́tò tó ń lọ sí Ọ̀rẹ́, ìyẹn ò dáa.

Ó yá, ìrìn àjò. Ọ̀sán àná ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ fi ẹ̀wà sílẹ̀, àti àkàrà, àti mọ́ínmọ́ín, torí ẹ̀wà ní ṣúgà kan nínú tí ìfun èèyàn ò lè lọ̀, àwọn kòkòrò inú ìfun ló ń bá wa jẹ ẹ́, wọ́n á sì fi gáàsì san án padà. Àwọn olùwádìí ní Monash University ní Melbourne, Ọsirélíà ló kó àwọn oúnjẹ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ jọ sábẹ́ orúkọ kan, FODMAP. Àlùbọ́sà àti aáyù wà níbẹ̀, búrẹ́dì àti nǹkan tí wọ́n fi fláwà ṣe wà níbẹ̀, mílíìkì náà wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nínú àwa èèyàn dúdú ni ara wọn kì í sì í gba mílíìkì. Ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ sí lára pé kò ní ṣúgà, ẹ yẹra fún un, ohun tí wọ́n fi rọ́pò ṣúgà nínú ẹ̀ máa ń jẹ́ kí inú ṣàn. Ata gan-an, nǹkan inú ẹ̀ tó ń ta lẹ́nu ń ta nínú ìfun pẹ̀lú.

Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé kí la wá fẹ́ jẹ. Ìrẹsì funfun, iṣu sísè, ọ̀dùnkún, ẹyin, ẹja, adìẹ tí wọn ò fi òróró din jù, ẹ̀kọ. Ti ọbẹ̀, ohun tí mo máa ń ṣe nìyí: mo máa ń gé àlùbọ́sà ní ńláńlá, màá din ín nínú òróró títí òórùn ẹ̀ á fi gba gbogbo ilé, màá wá kó gbogbo ẹ̀ kúrò kí n tó da tòmátì sí i. Ṣúgà tó ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú àlùbọ́sà kì í yòrò nínú òróró, adùn ẹ̀ nìkan ló máa ń kù. Tí omi bá ti dé ibẹ̀ kẹ́ẹ tó kó o kúrò, ó ti jáde sínú ọbẹ̀ nìyẹn, ẹ tètè kó o. Ewé àlùbọ́sà, apá tó ní àwọ̀ ewé yẹn, kì í yọ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, ẹ lè gé e sí i lẹ́yìn. Mi ò ní kẹ́ẹ máa jẹun báyìí títí ayé, oúnjẹ ìrìn àjò ni mò ń sọ, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń yọ gbogbo èèyàn lẹ́nu, ẹ fi ara yín wò ó.

Ebi ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń gba ààwẹ̀ láti àárọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ jáde, wọ́n á dé ibi ayẹyẹ, ebi á ti pa wọ́n kú, wọ́n á wá jẹ àwo ìrẹsì ńlá pẹ̀lú ẹran díndín, inú á sì lọ́ wọn gan-an lójú gbogbo èèyàn. Ó sàn kẹ́ẹ jẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹ jí ṣáájú ìgbà tẹ́ẹ máa jáde ní wákàtí kan ààbọ̀ tàbí méjì, ẹ jẹ nǹkan kékeré, ẹ mu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kẹ́ẹ wá jókòó sí tọ́lẹ́ẹ̀tì tiyín láìkánjú, láìsí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Ìránṣẹ́ agbẹ̀du tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ nílé. Ìyàtọ̀ tí wákàtí méjì yẹn ń ṣe pọ̀ ju ti oògùn kankan tí mo ti lò rí lọ.

Oògùn náà wà o. Hyoscine butylbromide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Buscopan, máa ń tú iṣan ìfun tó fún pọ̀, àmọ́ ẹni tó ní glaucoma lójú, ẹni tí próstéètì ẹ̀ wú tí ìtọ̀ ń ṣòro fún, ẹni tí ọkàn ẹ̀ máa ń lù jù, kó bi dókítà kó tó fọwọ́ kàn án. Mebeverine náà wà, wọ́n máa ń lò ó ní bí ogún ìṣẹ́jú kéèyàn tó jẹun. Òróró peppermint inú kápúsù náà ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe èyí táà ń fi pa imú o, ẹ gbé e mì lódindi, ẹ má fọ́ ọ lẹ́nu, tí àyà bá máa ń ta yín ó lè dá kún un. Loperamide, Imodium, kì í tú iṣan, ńṣe ló ń dẹ ìrìn ìfun lọ́wọ́, ẹni tí tiẹ̀ máa ń ṣàn ló wà fún, àwọn kan máa ń lo ẹyọ kan kí wọ́n tó gbéra. Tí ibà tàbí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà ẹ má lò ó, ẹ má sì kọjá iye tó wà lára páálí, tó bá pọ̀ jù ó lè ṣe ọkàn ní jàǹbá. Èyíkéyìí tẹ́ẹ bá fẹ́ lò, ilé ni kẹ́ẹ ti kọ́kọ́ dán an wò.

Tí dókítà bá kọ amitriptyline díẹ̀ fún yín, ẹ má bínú pé ó fi yín pe wèrè. Lóòótọ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi í wò, ṣùgbọ́n tó bá kéré, ìrora tó ń ti ìfun lọ sí ọpọlọ ló ń dín kù. Wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn IBS nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 2023, ó sì ṣiṣẹ́ ju oògùn tí ò ní nǹkan kan nínú lọ.

Nínú mọ́tò wá ńkọ́, tí gbogbo ẹ̀ bá kùnà tí inú bẹ̀rẹ̀? Ẹ tú bẹ́líìtì tàbí ìró yín. Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ má fi gbogbo agbára sé ikùn, torí sísé yẹn máa ń mú kó fún pọ̀ sí i. Ẹ gba èémí sínú láti imú títí ikùn á fi wú, kì í ṣe àyà, kẹ́ẹ wá tú u jáde látẹnu ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí títú jáde gùn ju gbígbà sínú lọ. Tẹ́ẹ bá ní fúláàsì omi gbígbóná, ẹ fi aṣọ wé e kẹ́ẹ gbé e lé ìsàlẹ̀ ikùn. Ohun tó ń gba èèyàn là jù ni kó mọ̀ pé kì í dúró lójú kan: ó ń wá, ó ń dé góńgó, ó sì ń lọ sílẹ̀. Tó bá dé góńgó ó máa ń ṣe èèyàn bíi pé kò ní lọ mọ́, ẹ mí sí i, ó máa rọ̀, láàárín rírọ̀ yẹn lẹ máa fi sọ̀rọ̀.

Ẹ sọ̀rọ̀ ni mo wí. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni kẹ́ẹ mú, kẹ́ẹ sì ti lọ bá dírẹ́bà kí mọ́tò tó gbéra: "Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ dákun, àìsàn inú kan wà lára mi, mo lè nílò kẹ́ẹ yà fún mi níléepo kan lọ́nà, mi ò ní pẹ́." Ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní kò sí wàhálà, ẹlòmíì tiẹ̀ á sọ pé bó ṣe ń ṣe ìyàwó òun náà nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kẹ́ẹ má tiẹ̀ ní kó dúró níkẹyìn, àmọ́ ara yín ti gbọ́ pé àyè wà. Nínú báàgì: tíṣù, omi nínú ìgò kékeré, pátá kan, láílọ́ọ̀nù dúdú méjì, ọṣẹ. Tó bá jẹ́ Ìbàdàn lẹ̀ ń lọ, ẹ rántí reluwéè tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2021 láti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta sí Mọ́níyà, tọ́lẹ́ẹ̀tì wà nínú ẹ̀, kò sì sí súnkẹrẹ fàkẹrẹ, fún àwa tí inú ń lọ́, mi ò rí ohun tó dà bíi ẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ wà ní London tàbí Manchester, ẹgbẹ́ àwọn alárùn yìí tí wọ́n ń pè ní The IBS Network máa ń fún ọmọ ẹgbẹ́ ní káàdì kékeré tẹ́ẹ lè fi han ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé. Radar key náà wà láti 1981, kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí ọ̀pọ̀ tọ́lẹ́ẹ̀tì àwọn aláàbọ̀ ara káàkiri. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Illinois ṣòfin lọ́dún 2005 pé kí ṣọ́ọ̀bù jẹ́ kí ẹni tó ní irú àìsàn yìí lo tọ́lẹ́ẹ̀tì àwọn òṣìṣẹ́, àwọn ìpínlẹ̀ míì sì ti tẹ̀ lé e. Nílé níbí, ẹnu ni káàdì wa. "Ìyá mi, ẹ kú ọjà o, ẹ jọ̀ọ́, ara mi ò yá, ṣé mo lè lo ṣáláńgá yín?" Ó ṣọ̀wọ́n kí ìyá ọlọ́jà kọ̀.

Àwọn tó bá ń bá irú wa rìn, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì sọ pé "o tún ti bẹ̀rẹ̀." Ìtìjú yẹn ń lọ sínú ọpọlọ, ọpọlọ á sì gbé e fún ìfun.

Tẹ́ẹ bá ti pẹ́ tẹ́ẹ ò ti rìnrìn àjò, ẹ má fi Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti Òjòdú lọ sí Mowé lọ́jọ́ Sátidé kan tí kò sí nǹkan pàtàkì, kẹ́ẹ bọ́ sílẹ̀, kẹ́ẹ ra nǹkan, kẹ́ẹ padà. Tó bá ti ń rọrùn, ẹ lọ sí Ṣàgámù. Tí inú bá lọ́ yín lọ́nà lọ́jọ́ kan, ẹ má tìtorí ẹ̀ jókòó sílé, ẹ tún ọ̀nà yẹn kan náà lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ẹnì kan tó mọ̀ nípa ẹ̀ tẹ́ẹ bá rí.